Ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Búlọ́ọ̀kù àti Èènì Ogójì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ojúmọ́ tó mọ́ tán ni a ti máa ń bomi rin búlọ́ọ̀kù. Bàámi ló ń mọ búlọ́ọ̀kù tà ní Ibafo, lórí ilẹ̀ gbalasa kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni yàrá méjì tí a ń gbé wà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní agbègbè wa lásìkò náà á rántí bí ilé tuntun ṣe ń hù bí olú, tí kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá mọ lónìí gbọ́dọ̀ máa mu omi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó le. Èmi ni mo ń fa omi nínú kànga, àbúrò mi Tóyìn á sì máa fi agolo wọ́n ọn. Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní. Ó dà bí òórùn òjò àkọ́kọ́ lórí eruku, àmọ́ ó mú ju ìyẹn lọ, ó máa ń rin èèyàn nímú díẹ̀.

Ìgbà tí a bá parí ni a tó lè mu gàrí àti kúlíkúlí kí a tó lọ sí ilé-ìwé. Tí a bá fo búlọ́ọ̀kù kan, tí Bàámi rí i pé ó funfun láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, orí yanrìn ni a máa kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ lókè. Yanrìn a máa ta èèyàn lórúnkún. Bàámi kì í pariwo. Wọ́n á kàn ní, "Búlọ́ọ̀kù tí ẹ ò fún lómi, ọmọ tí ẹ ò fún lọ́mú ni," wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Bàámi kò ka ìwé. Láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ní òfin iṣẹ́ tiwọn tí wọn kì í yẹ̀. Òfin kìíní ni pé àpò sìmẹ́ǹtì kan kò gbọ́dọ̀ mú ju ogójì búlọ́ọ̀kù ńlá lọ. Òfin kejì ni pé àpò tí wọ́n bá ti já gbọ́dọ̀ tán lọ́jọ́ náà, nítorí ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ tútù nìkan tó láti sọ àpò tó ṣí sílẹ̀ di òkúta. Nítorí náà, iṣẹ́ tí wọ́n bá gbà gbọ́dọ̀ pín sí àpò láìṣẹ́ku. Ẹ̀kẹta kì í ṣe òfin, àṣà ni: èènì. Bí ìyá onígàrí ṣe ń bu díẹ̀ kún un fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni Bàámi máa ń fi búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ kún ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tó bá fọ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ògiri kí n tó lọ síwájú, àmọ́ mi ò ní sọ ọ́ gùn. Mowe ni mo ti ń lọ sí ilé-ìwé nígbà náà, mo wà ní prámárì mẹ́rin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òjò ṣú ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀. Ògiri ẹ̀yìn kíláàsì wa wó lé wa lórí. Wọ́n fa èmi jáde, ẹsẹ̀ mi òsì ti bó láti orúnkún dé kókósẹ̀. Bùnmi tí a jọ ń jókòó kò jáde láàyè. Nígbà tí Bàámi dé, tí wọ́n ti rí i pé mo ń mí, wọ́n mú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan nílẹ̀, wọ́n fún un pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́, ó sì dà bí ìyẹ̀fun láàárín ìka wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ọgọ́ta." Ó pẹ́ kí n tó bi Màámi ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Wọ́n ní ọgọ́ta búlọ́ọ̀kù ni ẹni tó mọ ọ́n fà jáde nínú àpò kan.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wọ yàrá láìjẹ́ pé mo fi ọwọ́ ti ògiri rẹ̀ wò. Wọ́n mú mi lọ sí Ifo, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Màámi, mo sì lo ohun tó lé ní ọdún kan níbẹ̀. Ìyá Àgbà kò fi ipá mú mi wọlé. Abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n ń gbé láfún mi wá fún mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti ẹja gbígbẹ. Wọn kò sì sọ fún mi rí pé kí n má bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ gba ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á nítòsí, ó kún ike kan, wọ́n dà á síwájú mi, wọ́n ní kí n máa tò ó ní ìlà, kí gbogbo ìlà dọ́gba.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nọ́ńbà ní ìwà bí èèyàn. Ìdérí méjìlá, mo lè tò ó ní ìlà méjì, tàbí mẹ́ta, tàbí mẹ́rin, tàbí mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba. Nígbà tí mo fi ọ̀kan kún un, mo tò ó títí, ó kọ̀. Ìlà kan gbọọrọ nìkan ló gbà.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, mẹ́tàlá ò gbà o."

Wọ́n ní, "Olóríkunkun ni. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀, wàá rí i bí ara ẹ̀ ṣe máa rọ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n nìyẹn: olóríkunkun àti ara-rọ̀. Méje jẹ́ olóríkunkun, mẹ́jọ jẹ́ ara-rọ̀. Ìyá Àgbà ló tún kọ́ mi ní òǹkà ńlá ti Yorùbá, pé ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kì í ṣe orúkọ lásán, igba lọ́nà márùndínlọ́gbọ̀n ni, ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe tò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo lè tú nọ́ńbà palẹ̀ kí n sì tún un tò, kò sí ẹni tó máa kú sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Ibafo, wọ́n fi mí sí ilé-ìwé mìíràn, prámárì márùn-ún. Abẹ́ àtíbàbà pákó ni wọ́n ti ń kọ́ wa, ìyẹn sì bá mi lára mu gan-an, nítorí pákó fúyẹ́. Obìnrin kan tó ti jẹ́ tíṣà ìjọba rí ló ni ilé-ìwé náà, Màmá Ilé-ìwé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Wọ́n pinnu láti kọ́ yàrá mẹ́rin, pé àwọn prámárì mẹ́fà ni yóò kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n wá bá Bàámi, wọ́n ní ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n búlọ́ọ̀kù ni àwọn fẹ́. Bàámi fi èènì mẹ́jọ mẹ́jọ lé e lórí. Ó di ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó lé ogójì.

Mo kọ ọ́ sára páànù tí a fi ṣe ògiri ilé ìdáná wa, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì: 5,040. Mo fẹ́ mọ irú ìwà tó ní. Kí n tó sọ̀rọ̀ jù, ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fúnra rẹ̀ kì í ṣe ara-rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ò pín in, mẹ́fà ò pín in, méje ò pín in, mẹ́sàn-án ò pín in. Ṣùgbọ́n bí èènì ogójì ṣe bọ́ sórí rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ rọ̀. Méjì pín in, mẹ́ta pín in, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Ti méje ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí méje kì í bá èèyàn rẹ́: ó pín in sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún gééré. Mẹ́jọ pín in. Tíṣà wa ti kọ́ wa pé tí a bá ro àwọn àmì inú nọ́ńbà pọ̀, tó jẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án á pín in. Márùn-ún àti òdo àti mẹ́rin àti òdo, mẹ́sàn-án ni. Mẹ́wàá pín in. Láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́wàá, kò kọ ẹnikẹ́ni.

Mo wá wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Èyí tó fi ọ̀kan dín, 5,039, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Tíṣà wa ní kí n má wulẹ̀ dán gbogbo nọ́ńbà wò, pé tí mo bá dé orí nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí mo bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ó ju ohun tí mo ń pín lọ, kí n sinmi. Mo dé orí mọ́kànléláàádọ́rin láìrí ẹni tó pín in. Olóríkunkun pọ́nńbélé ni. Ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí èyí tó fi ọ̀kan lé, nítorí mọ́kànléláàádọ́rin lọ́nà mọ́kànléláàádọ́rin, 5,041 ni. Ẹ rò ó wò ná: olóríkunkun lápá òsì, ara-rọ̀ láàárín, èyí tó dọ́gba ní ìgùn àti ìbú lápá ọ̀tún. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìrẹsì lórí iná, ó jó, Màámi sì fà mí létí títí etí náà fi gbóná bí ìkòkò ọ̀hún.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Màmá Ilé-ìwé padà wá. Mo wà nídìí kànga, mo ń gbọ́ wọn.

"Bàbá Ṣadé, ẹ kú iṣẹ́. Sìmẹ́ǹtì ti wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀. Àpò mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni agbára mi gbé. Ẹ bá mi fi mọ gbogbo ẹ̀."

Bàámi ní, "Màmá, báwo lá ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn?"

"Ọgọ́ta ọgọ́ta. Gbogbo àwọn tó wà létí títì yìí, ọgọ́ta ni wọ́n ń mọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ máa fi sìmẹ́ǹtì se àsè."

Bọ̀dá Kàsálí, ẹni tó ń bá Bàámi ṣiṣẹ́, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ṣe é jàre. Ó ti lé lóṣù kan tí móòdù tí a fi ń mọ búlọ́ọ̀kù yìí ti ń sùn. Tó bá sùn jù, ó máa hanrun."

Òótọ́ ló sọ. Òjò ọdún yẹn pọ̀, iṣẹ́ kò wọlé. Bàámi kò fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n sá sábẹ́ òfin kejì wọn. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó bóyá ó máa pín sí àpò. Ẹ padà wá lọ́la."

Bí Màmá Ilé-ìwé ṣe lọ tán, wọ́n pè mí. Èmi ni mo ń bá wọn ṣe ìṣirò láti ìgbà tí mo ti dé láti Ifo. Wọ́n ní, "Ṣadé, tí a bá mọ ọgọ́ta nínú àpò kan, ṣé iṣẹ́ Màmá á pín?"

Mo ti mọ ìdáhùn. Ó wà lára páànù ilé ìdáná. Mo fi ìka kọ ọ́ sórí yanrìn, mo ṣe bí ẹni ń rò ó, mo ní, "Kò pín, Bàámi. Àpò mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ogún búlọ́ọ̀kù á sì ṣẹ́kù. Ẹ máa já àpò kan tí kò ní tán."

Irọ́ kọ́ ni tí ẹ bá wo ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìkan. Ẹ lè rò ó fúnra yín. Èènì ni mo yọ kúrò.

Bàámi mí kanlẹ̀. Lójú mi, ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Àmọ́ Bọ̀dá Kàsálí tó ń fọ ṣọ́bìrì gbójú sókè. Òun náà kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó ti ka búlọ́ọ̀kù fún ọdún mọ́kànlá.

"Ọ̀gá, èènì ńkọ́? Ogún tó ṣẹ́kù, ogójì èènì. Ọgọ́ta nìyẹn. Àpò kan gééré, kò ní ṣẹ́kù nǹkan kan." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá oníṣirò, o ti gbé èènì onítọ̀hún jẹ."

Bàámi wò mí. Wọ́n nawọ́ sí yanrìn. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Ibi tó ti bó lẹ́sẹ̀ mi tẹ́lẹ̀ ń ta mí, n kò sì sunkún. Mo wà níbẹ̀ títí Bọ̀dá Kàsálí fi lọ sílé. Ìgbà náà ni Bàámi wá lóṣòó síwájú mi.

"Ṣé o ò rántí èènì ni?"

"Mo rántí, sà."

"Kí ló wá dé tí o fi yọ ọ́?"

Mo ní, "Prámárì mẹ́fà ló máa kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Èmi ni prámárì mẹ́fà ọdún tó ń bọ̀."

Bàámi ní kí n sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Wọ́n gbọn yanrìn kúrò lórúnkún mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n ní, "Má parọ́ fún mi mọ́. Pé nǹkan pín kò sọ pé ó tọ́. Ìyẹn lo yẹ kí o sọ fún mi." Lẹ́yìn náà, wọ́n bi mí bóyá ogójì pín in. Mo ní ó pín in, àpò mẹ́rìndínláàádóje.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn nípa nọ́ńbà tí mo fẹ́ràn yẹn. Kò kọ ẹnikẹ́ni. Ogójì dé, ó ní ẹ máa bọ̀; ọgọ́ta dé, ó ní ẹ máa bọ̀. Ojú kan náà ló fi ń wo ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé àti ẹni tó fẹ́ kọ́ sàréè. Ká ní 5,039 ni, ì bá ti bá wa kọ̀ fún gbogbo wọn.

Nígbà tí Màmá Ilé-ìwé dé lọ́jọ́ kejì, Bàámi pè mí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kí Màmá dáadáa, wọ́n fún wọn ní àga. Wọ́n ní, "Màmá, ó pín o. Ọgọ́ta pín in, kò ṣẹ́kù kankan. Àmọ́ ọmọ mi yìí ti wà lábẹ́ ọgọ́ta rí."

Màmá Ilé-ìwé wo ẹsẹ̀ mi. Gbogbo agbègbè ló gbọ́ nípa ògiri Mowe, ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n mọ̀ pé mo wà lára àwọn ọmọ náà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi etí aṣọ wọn nu ọwọ́ tí kò lómi. Wọ́n ní, "Ó máa pẹ́ o, Bàbá Ṣadé."

"Ẹ jẹ́ kó pẹ́, mà."

"Ẹ fi ohun tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ogójì ogójì. Màá máa wá ìyókù."

Ó pẹ́ lóòótọ́. Àpò mẹ́rinlélọ́gọ́rin àkọ́kọ́ tètè tán. Àpò méjìlélógójì tó kù, mẹ́ta lónìí, márùn-ún lóṣù tó ń bọ̀ ni. Bọ̀dá Kàsálí ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé ọmọdé kan ti fi ìbẹ̀rù dá iṣẹ́ àgbà dúró. Mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń já wọn. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára páànù fún àpò kọ̀ọ̀kan, Bàámi sì rí mi, wọn kò dá mi dúró. Ọdún tí mo wà ní prámárì mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí a tó wọ yàrá náà. Táàmù kan ṣoṣo ni mo lò níbẹ̀.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni tó dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti fi ìṣó ha ògiri náà níbi tí wọn kò tíì rẹ́ ẹ, bí Bàámi ṣe máa ń dán búlọ́ọ̀kù wò. Ìṣó náà dán, ògiri kò yẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò ńlá dé pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó ń lu páànù débi pé a kò gbọ́ ohùn tíṣà mọ́. Àwọn ọmọ yòókù ń pariwo, wọ́n ń yọ̀. Èmi di tábìlì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń wo ẹnu ọ̀nà, mo sì ń fi nọ́ńbà pín nọ́ńbà nínú mi. Òjò dá. Mo ṣì wà lórí àga mi.

Ayé ti yí padà báyìí. Ẹ̀rọ ló ń mọ búlọ́ọ̀kù, ó ń mì jìgìjìgì, ó ń bí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ wa kò bomi rin nǹkan kan kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, tí wọ́n bá sì kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn. Mi ò bá wọn jà, ohun tó tẹ́ wa lọ́rùn nígbà náà kò tó nǹkan. Ọmọbìnrin mi béèrè lọ́wọ́ fóònù iye nọ́ńbà tó lè pín 5,040. Kó tó ṣẹ́jú, fóònù ní ọgọ́ta ni. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni èmi rí pẹ̀lú gbogbo ṣọ́ọ̀kì mi. Mo yọ̀ fún un, àmọ́ ọgọ́ta náà ló tún jáde, iye tó wó ògiri Mowe lé wa lórí.

Yàrá mẹ́rin yẹn ṣì dúró ní Ibafo. Bàámi ti sinmi iṣẹ́, Bọ̀dá Kàsálí ti padà sí ìlú wọn. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ilé kékeré kan ní Magboro. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ bá wa mọ búlọ́ọ̀kù pé mélòó ló ń rí nínú àpò kan. Mo ní ogójì ni mo fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, kò fi ṣe àfojúdi. Ó ní, "Àǹtí, ta ló tún ń mọ ogójì láyé ìsinyìí? Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa lọ sílé, àwa la máa pè yín."

Mo ní ó ṣeun. Mo gbé àga mi lọ síbẹ̀, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yanrìn, ọjọ́ mẹ́rin, títí wọ́n fi já àpò tó kẹ́yìn.